Ìjàpá àti Ẹ̀rọ Tí Kì í Sùn

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nígbà tó ru páálí wọ Ọjà Ọba l'Ọ́wọ̀.

"Ẹ̀rọ tí kì í sùn rèé o! Ẹ ò ní í sètò ohunkóhun. Ẹ ṣáà tú u nínú páálí, ẹ gbé e kọ́rùn. Ẹni tó wà ní Ifọ́n á máa gbọ́ bí ará Ìpele ṣe ń mí!"

Kìnnìún ọba ra ogún, kí gbogbo ẹranko lè mọ ọjọ́ ọdún Igogo. Ó ní kí Ìgbín akéde lọ sinmi, òun àti agogo rẹ̀. (Ìlù kì í dún l'Ọ́wọ̀ nígbà Igogo, ẹ̀yin náà mọ̀, agogo ni.)

Ewúrẹ́ tú tirẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè NIN, ó fún un. Ẹ̀rọ ní kó wo òun lójú, kó ṣẹ́jú, kó yíjú sọ́tùn-ún. Ó ní òun ò dá a mọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ò jọ tàná. Ewúrẹ́ ra dátà. Ẹ̀rọ ní òun á kọ́kọ́ sọ ara òun dọ̀tun. Ó sọra dọ̀tun títí dátà fi tán. Orọnsẹn aya Ọlọ́wọ̀, tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣe Igogo, èèwọ̀ mẹ́ta péré ló ní: ẹ má lọ ilá lójú òun, ẹ má da omi sí àgbàlá, ẹ má sọ ìdì igi mọ́lẹ̀. Ó sì kà wọ́n kó tó wọlé ọkọ. Ẹ̀rọ yìí gbowó tán kó tó ka tirẹ̀.

Ewúrẹ́ bá forin sẹ́nu:

Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ, ṣé o ti jí?
*Ó ń yí bírí, bírí.*
Mo ti sanwó, mo ti ṣẹ́jú,
*Ó ń yí bírí, bírí.*
Ilẹ̀ ti ṣú, Igogo dé,
*Ó ń yí bírí, bírí.*

Wọ́n wọ́ Ìjàpá dé ààfin. Ó ní okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun ló já.

Ajá ní, "Kábíyèsí, ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 nìyẹn já, lẹ́bàá Abidjan. Wọ́n ti so ó tipẹ́."

"Ó dáa," Ìjàpá ní, "ṣé ẹ fi iná sí i?"

Ààfin pa lọ́lọ́. Iná wo?

Ni wọ́n gbọ́ kengo, kengo lẹ́yìn ògiri. Ìgbín ni, kò sinmi. Ó ń kéde pé Igogo bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìrìn tirẹ̀ náà ni: Igogo ti pé ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ ọjà kejì, Ìjàpá tún pàtẹ, irin dúdú lọ́wọ́: "Kò gba iná, kò gba dátà! Ẹ ṣáà fi ọ̀pá lù ú, ó ti ró!"

Ewúrẹ́ ní, "Èló ni?"

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó, pó, pó.