Ìbéèrè Mẹ́fà Ọjọ́rú
Ní ilé aṣòfin Ìlú Ọba, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fi ń da ìbéèrè bo olórí ìjọba ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Mẹ́fà ni ti olórí alátakò, ipò tí Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, dé ní 2024. Ìbéèrè tó máa ń ṣí ètò náà, tí kì í ṣe ti alátakò, kì í sábà yí padà: kí ni olórí ìjọba fẹ́ ṣe lónìí? Òun náà á dìde, á ní òun ti ṣèpàdé láàárọ̀, òun á sì tún ṣe sí i tó bá yá. Gbogbo ilé á mí kanlẹ̀. Alátakò á wá béèrè owó iná. Èsì olórí ìjọba ni ohun tí ẹgbẹ́ alátakò bà jẹ́ nígbà tí wọ́n wà lórí àga. Ìlà pupa méjì wà nílẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì, wọ́n ní kí idà má baà kàn wọ́n ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó mú idà wá. Irọ́ kò ṣòro ńbẹ̀. Ẹni tó bá pe ẹlòmíì ní òpùrọ́, tó sì kọ̀ láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ni wọ́n ń lé síta.