Lẹ́tà sí Àna Mi ní Kúta, Nítorí Rákẹ́ẹ̀tì Tó Ń Bá Ìgbọ̀nwọ́ Wọn Jà

Àna mi ọ̀wọ́n, ọmọ Òwu,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójúkojú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà. Nínú lẹ́tà, mo lè dọ̀bálẹ̀ kí n tún máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì ní rí eyín mi.

Ẹ dákun, ta ló ní kí ẹ ra rákẹ́ẹ̀tì yẹn?

Àbúrò yín ti rojọ́ fún mi. Ó ní látìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí ẹ sì sọ ọ́ di àṣà láti máa wa ọkọ̀ láti Kúta, gba Ìwó, gba Lálúpọn, lọ gbá tẹ́níìsì n'Íbàdàn ní gbogbo Sátidé, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún yín ò sinmi mọ́. Ẹ gbé ife omi, ó ń dùn yín. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ figbe ta. Ẹ ti fi Robb ra á, ẹ ti fi àdí ra á, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí ẹ máa sọ pé àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Àna mi, ayé tó bá fẹ́ mú èèyàn kì í ti ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè, ẹ̀gbẹ́ ìta ìgbọ̀nwọ́ ló so mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjì bọ́ọ̀lù máa ń já sí bí rákẹ́ẹ̀tì ò bá gbà á mọ́ra. Tiyín ò sì gba nǹkan kan mọ́ra.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nígbà tí ẹ gbé e wá sílé wa lọ́jọ́ ìkómọ, bí ẹni pé àwọn àlejò wá wo rákẹ́ẹ̀tì ni, wọn ò wá wo ọmọ. Ó rẹwà, n ò ní parọ́. Wọ́n kọ 270 gíráàmù sí i lára. Férémù rẹ̀ nípọn, ó le gbagidi, kò mọ ohun tó ń jẹ́ títẹ̀. Okùn rẹ̀ dúdú, pólíẹ́sítà ni. Mo fi èékánná ta á, ó dún kín-ín. Mo ní pọ́n-ùn mélòó ni wọ́n fà á dé, ẹ ní 60, ẹ sì gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ ní ọmọkùnrin tó tà á fún yín l'Ékòó sọ pé, "Dádì, èyí lágbára gan-an o."

Ó lágbára lóòótọ́. Mo ti rí ibi tí agbára náà ń lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ògiri pápá yẹn ò ra bọ́ọ̀lù mọ́ látìgbà tí ẹ ti dé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹni tó ń ra rákẹ́ẹ̀tì ń wá agbára, ó ń wá kí bọ́ọ̀lù gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, ó tún ń wá ìrọ̀rùn fún apá. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní kíkún. Férémù tó le ń dá agbára padà fún bọ́ọ̀lù, torí kò tẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò gbà sára, apá ló máa gbà á. Férémù tó ń tẹ̀ díẹ̀ ń gba ìjì yẹn mọ́ra, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá ju ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù tó lọ. Ti ìwọ̀n ló máa ń ya àwọn àgbà lẹ́nu jù. Ẹ rò pé èyí tó fúyẹ́ ló máa tu apá lára. Bọ́ọ̀lù àti okùn ò fẹnu kanra ju nǹkan bíi 5 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, láàárín ìgbà yẹn, rákẹ́ẹ̀tì tó wúwo díẹ̀ ló máa dúró gba ìkọlù. Èyí tó fúyẹ́ á gbọ̀n, á yí lọ́wọ́ ẹni, á sì kó gbogbo rẹ̀ fún ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ́ lọ́jà kì í wo àwọ̀ ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, á gbé e sókè, á jù ú wò lẹ́ẹ̀mejì, á mọ̀ bóyá ó bá apá òun mu. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ àgbẹ̀ ní Kúta, bí ẹ ṣe dé iwájú rákẹ́ẹ̀tì, ẹ gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ ń wo àwọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà rí, tó jẹ́ pé ká ní ó mọ̀ yín ni, ì bá bá yín mu ẹmu. Howard Head lorúkọ rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ni, ó fi irin ṣe pátákó tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín, ó di olówó, ó ta ilé-iṣẹ́ náà ní 1969, ó fẹ̀yìn tì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí gbá tẹ́níìsì. Kò mọ̀ ọ́n gbá rárá! Ó gba olùkọ́, kò yanjú. Ó ra ẹ̀rọ tó ń ju bọ́ọ̀lù síni, ó ní ẹ̀rọ náà ò dára tó, ó tún un ṣe, títí ó fi di ọ̀gá nílé-iṣẹ́ Prince tó ń ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ò gbọ́ tirẹ̀. Ó wá kíyè sí i pé ìgbàkígbà tí bọ́ọ̀lù ò bá ti bà á láàárín gbùngbùn, rákẹ́ẹ̀tì á yí lọ́wọ́ òun. Dípò kó fọwọ́ ra ìgbọ̀nwọ́ kó máa bú àwọn aráyé, ó jókòó, ó ṣírò. Bí orí rákẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀ sí i, yóò ṣòro fún un láti yí. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí àrà náà ní 1976. Orí rákẹ́ẹ̀tì onígi ayé ọjọ́un ò ju bíi 70 íńṣì níbùú lóòró lọ. Tirẹ̀ jẹ́ 110. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ní 1978, ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 kan, Pam Shriver, gbé e wọ ìdíje US Open, ó bá a dé àṣekágbá, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu àwọn tó ń rín.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára bàbá yẹn ni pé ara òun fúnra rẹ̀ ló wò kó tó ṣe rákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin, tẹlifíṣọ̀n lẹ wò.

Mo mọ̀ pé ẹ ó dárúkọ agbá-tẹ́níìsì wa, Nduka Odizor, fún mi, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ó ní ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó, tó pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, tó sì padà na ògbóǹtarìgì Guillermo Vilas ní ìdíje Wimbledon ní 1983, kò bẹ̀rù rákẹ́ẹ̀tì kankan. Kí ló fẹ́ bẹ̀rù? Ẹni ọdún 24 ni. Ẹ̀yin ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ká sọ̀rọ̀ agbára, ẹ jẹ́ ká lọ sí àṣekágbá Wimbledon ti 1975. Jimmy Connors ló dé pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì onírin, agbára bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn bá gbá sí i ló máa ń yá lò, á sì dá a padà pẹ̀lú èlé. Gbogbo èèyàn ló ní yóò jẹ Arthur Ashe tó fẹ́ kojú rẹ̀ níyà. Ashe náà mọ̀ pé òun ò lè fi agbára bá a jà. Ó gbé rákẹ́ẹ̀tì Head tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ bàbá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ yẹn ló wà lára rẹ̀, ó wá ń rọra ta bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, ó ń gbá a kúkúrú, ó ń gbá a lọ sí ẹ̀gbẹ́, kò fún Connors ní agbára tí yóò yá. Sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, 6–1, 6–1. Mẹ́rin ló fi parí rẹ̀. Ashe yìí kan náà ló wá s'Ékòó ní oṣù kejì 1976, tí wọ́n pa olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Murtala Mohammed, nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn sójà sì ya wọ pápá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n fi ìbọn lé òun àti Jeff Borowiak kúrò láàárín eré, wọ́n ní ìlú ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ máa ń sọ pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àgbà tó ti di rákẹ́ẹ̀tì mú ní Nàìjíríà ló sọ pé òun wà níbẹ̀. N ò bá yín jiyàn, àna ni yín.

Ó ku okùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín burú sí jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ra rákẹ́ẹ̀tì kì í bèèrè ẹ̀. Férémù lẹ ń sanwó lé, okùn ló ń fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá fa okùn le, kì í fà sẹ́yìn púpọ̀, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló máa fún pọ̀, agbára á sì ṣòfò sínú bọ́ọ̀lù. Ó máa ń rọrùn láti darí ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó le fún apá. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, okùn á gba bọ́ọ̀lù sínú, á sì tì í padà. Apá yín á dúpẹ́.

Okùn tó rọ apá lọ́rùn jù láyé yìí, ìfun màlúù ni. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Ìfun tí ẹ máa ń bẹ àwọn ọmọ ilé kí wọ́n fọ̀ dáadáa kó tó wọ inú ọbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Babolat ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, ti ń fi ìfun ẹran ṣe okùn tẹ́níìsì láti 1875, kò sì tíì sí okùn ilé-ẹ̀rọ tó rọ̀ tó o. Àmọ́ ó wọ́n bí ojú, òjò ò sì bá a ṣọ̀rẹ́. Oṣù keje ní Ìbàdàn á bà á jẹ́ kí ẹ tó jàǹfààní owó yín.

Ti pólíẹ́sítà yàtọ̀. Gustavo Kuerten ará Brazil ló sọ ọ́ di olókìkí, nígbà tí ó gbé e wọ ìdíje Faransé ní 1997. Òun ni ẹni kẹrìndínláàádọ́rin láyé nígbà náà, ó sì gba ife. Okùn náà máa ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á fò padà sáyè rẹ̀, á mú kí bọ́ọ̀lù yí biribiri, ẹni tó bá ju ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo ara á rí i tí bọ́ọ̀lù á kọjá àwọ̀n, tí á sì já wálẹ̀ sínú pápá. Ẹni tó bá ju ọwọ́ ni mo wí. Ẹ̀yin kì í ju ọwọ́, ẹ máa ń tì í ni. Okùn yẹn sì le bí nǹkan míì. Kì í tètè já, lẹ́yìn tó bá ti kú, ó tún máa ń wà lórí rákẹ́ẹ̀tì fún oṣù mélòó kan, ẹni tó ni ín á rò pé òun ń rí èrè. Àwọn tó ń fi tẹ́níìsì jẹun ń pààrọ̀ tiwọn léraléra. Tiyín, látọjọ́ tí ẹ ti rà á ló wà níbẹ̀. Inú búùtù ọkọ̀ lẹ tún ń jẹ́ kó sùn, láàárín iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa, nínú oòrùn Kúta. Ooru a máa dẹ okùn láì dẹ líle ẹ̀. Ó sọ agbára ìdarí nù, ó sì kọ̀ láti rọ̀.

Ẹ wá wo ìdí rákẹ́ẹ̀tì náà, ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdìmú sí. Ẹyọ 2 ni. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni, tiyín sì ti kọjá títẹ̀, ó ti fún èèkù náà pa. Ẹ di rákẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ wá fi ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ òsì sí àlàfo tó wà láàárín orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Bí kò bá gba ìka náà, ó kéré jù. Ọwọ́ tó fi pàṣán ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ bí ó ṣe tóbi tó, 2 lẹ fún un. Ìdìmú tó kéré ń mú kí èèyàn fún un mọ́ ọwọ́ kó má baà yí, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yẹn kan náà ló sì ń fún un.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe? Ẹ má ju rákẹ́ẹ̀tì náà nù. Ẹ gé okùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ so èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán wẹ́wẹ́ hun pọ̀, tí ó rọ̀, kí wọ́n fà á dé 50 péré, kí ẹ sì wé ìdìmú rẹ̀ nípọn sí i. Ìyẹn á mú u rọ̀ díẹ̀. Bí owó bá sì wà, ẹ wá èyí tó tó 300 gíráàmù, tí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọwọ́ ju orí lọ, tí férémù rẹ̀ ń tẹ̀, tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ yá a gbá ná. Ẹ má gbọ́ ti ọmọ tó ń pe yín ní Dádì. Agbára tó bá kù síbẹ̀ á tó yín lò.

Ẹ ó sọ pé ọmọ Òwu kì í gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ọkọ àbúrò rẹ̀. Kò burú. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fi tiyín sílẹ̀ ní Kúta. Mo ní ọ̀kan tí mo máa yá yín, 305 gíráàmù, okùn rẹ̀ rọ̀, nọ́ńbà ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ jẹ́ ká gbá sẹ́ẹ̀tì kan péré. Ẹni tí wọ́n bá nà ló máa sanwó àmàlà ní Bódìjà, ó sì pọn dandan kó fi ìfun kún ẹran. Ẹ kó owó wá.

Èmi ni,
Ọkọ àbúrò yín.