Ta Ló Ń Ra Epo Sọ́kọ̀ Ọlọ́pàá?

Ẹ bá mi béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ìjọba. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pe bílíọ̀nù lé bílíọ̀nù fún ọlọ́pàá, ọkọ̀ ta ni wọ́n ń ra epo sí gan-an? Kì í ṣe ọkọ̀ tó wà ní àgọ́ àdúgbò wa n'Ìbàdàn níbí, nítorí èmi ni mo ń ra tìyẹn. Èmi ni mo ra bébà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ mi, bíró tí wọ́n fi kọ ọ́, àti fáìlì tí wọ́n kó o sí. Bíró náà ò sì padà. Káfíńtà ni mí o. Èmi kọ́ ni mínísítà.

Iṣẹ́ káfíńtà òde òní, iṣẹ́ iná ni. Pákó tí bàbá mi ń fi ayùn ọwọ́ rẹ́, ẹ̀rọ ló ń rẹ́ ẹ báyìí, iná NẸ́PÀ ò sì ṣeé gbójú lé. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé wa ró. Òun náà ni àwọn olè wá gbé lóru. Wọ́n gé ṣéènì, wọ́n já àgádágodo, wọ́n sì fi àgádágodo náà sílẹ̀ fún mi kí n má baà tọwọ́ bọ àpò òfìfo. Ilẹ̀ mọ́, mo forí lé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìyá kan ń ta bébà lẹ́nu géètì wọn. Ó ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ti ń ka ewé sílẹ̀. Ó ní, "Olè ni àbí ìjà? Ti olè, ewé méjì tó o. Ìjà ló máa ń gùn." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo kọjá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Mo kí i, mo ní wọ́n ti jí mi lẹ́rù. Kò tíì gbé ohun tó wà lẹ́nu mì tó fi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Bébà yín dà?" Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Kò bá mi wíjọ́, ewé méjì mi ṣì wà níbi tó kà á sí.

Íńsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n fa ẹjọ́ mi lé lọ́wọ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun dénú, ó sì yẹ káwọn tètè lọ wo ibi tí wọ́n ti jí i kí ẹsẹ̀ olè tó parẹ́. Àfi ti epo, kò sí epo nínú ọkọ̀. Mo béèrè ẹni tó yẹ kó ra epo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Mo yáa ra epo. Ibi tí epo náà sáré lọ, èmi ò lè sọ, nítorí ọkọ̀ ò dé ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n tún ní kí n ra káàdì ìpè káwọn fi pe àwọn tó ń ra jẹnẹrétọ̀ àlòkù. Mo rà á. Èmi náà kọ́ ni wọ́n pè.

Ní àkókò yìí ni ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, ẹni ńlá tó ti san ìdajì owó wọ́dúróòbù, bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Mo ṣàlàyé fún un pé olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ mi. Ó ní òun gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ọlọ́pàá já wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú eré. Ọkọ̀ yẹn náà ni! Mo dá a mọ̀ nípa iná ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì. Ta ló jókòó níwájú? Íńsípẹ́kítọ̀ mi.

Ó rí mi, ó ní, "Há, ọ̀gá, ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jọ dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo ní, "Íńsípẹ́kítọ̀, ẹ kú ẹsẹ̀ o. Ibi tí mo ní kí ẹ wá wò nìyí. Orí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà gan-an lẹ dúró sí yìí."

Ó wolẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyẹn fáìlì ọ̀tọ̀."

Mo mọ díẹ̀ nínú òfin, rédíò ń bá mi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Òfin ọlọ́pàá tí Bùhárí buwọ́ lù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, èyí tó rọ́pò ti 1943, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé àdéhùn iṣẹ́ tàbí ti ọjà yẹ̀ lásán. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tú síta tí wọ́n fi pa ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS rẹ́, nítorí náà mo rò pé gbogbo ọlọ́pàá á ti ka ìwé náà. Mo sọ ọ́ fún wọn nínú ọkọ̀. Kọ́ńsítébù tó há mi mọ́ àárín ní, "Bàbá, ìyẹn ò tíì dé àgọ́ tiwa." Ìwé òfin Nàìjíríà tún ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi dá ènìyàn dúró kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀. Kóòtù tiwa ò jìnnà, ẹsẹ̀ lásán ló ń gbéni débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni wọ́n mú mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ṣe.

Pátákó kan wà lára ògiri àgọ́ wọn, ó ní béèlì ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà, ó dùn ún wò. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àbúrò ìyàwó mi dúró sí tó ń ka owó.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ìyà ń jẹ àwọn náà. Bàtà kọ́ńsítébù yẹn ti la ẹnu níwájú, ó fi okùn so ó. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wọ́de l'Ábújá nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn, àgbà tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ìlú dúró sínú òjò pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Ẹni tí ìjọba ò bá bọ́, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá ló máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀dùn mi nìyí: ẹni tó bá bu epo sọ́kọ̀ ló ni ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn. Èmi bu lítà díẹ̀, oníbàárà mi rọ táǹkì kún.

Gómìnà gan-an ò sàn jù mí lọ. Abala 214 nínú ìwé òfin 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí Nàìjíríà ní. Gómìnà á ra ọkọ̀ fún wọn, tó bá wá pàṣẹ, kọmíṣánnà lè ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ti Ààrẹ. Láti 2007 ni ìjọba Èkó ti dá àpò owó ààbò sílẹ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń dáwó sí i. Ní oṣù Kìíní 2020, n'Ìbàdàn wa níbí, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá gbé ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn jáde. Gómìnà rí i pé epo òun ń tán lásán ni, ó lọ wá ọkọ̀ tirẹ̀. Èmi ò lágbára Àmọ̀tẹ́kùn.

Wọ́n á ní àjọṣepọ̀ ọlọ́pàá àti ará ìlú ló kù. A ti ṣe ìyẹn náà. Ọ̀gá wọn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, ó sọ̀rọ̀ àjọṣepọ̀ títí orí wa wú, ó sì fi táyà méjì àti ọ̀dà ògiri parí rẹ̀. A dáwó. Ti àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú títì, mi ò ní fà á gùn. Ẹni tó bá kí mi kú wíkẹ́ńdì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mọ ohun tó ń bi mí.

Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé kí ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé àwọn ẹni ńlá kiri padà sẹ́nu iṣẹ́, mo yọ̀. Mo ní ọ̀kan á yà sọ́dọ̀ wa. Mo ṣì ń retí.

Jẹnẹrétọ̀ àyálò ni mo fi parí wọ́dúróòbù, ẹni tó ni ín ti gbé e lọ. Fáìlì mi ò tíì kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yin ará Àbújá, bí ẹ bá ń fi owó epo ránṣẹ́ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tó dé àgọ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó béèlì yẹn, kí gbogbo wa máa rí i kà. Àyè ṣì wà lára ògiri náà. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀.