Peugeot Mi Wà fún Títà

Mọ́tò wà fún títà ní Rore. Peugeot 504 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kaduna ní 1975. Ká sòótọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló kù tó ń jẹ́ Peugeot. Ẹ́ńjìnnì Toyota ni mo gbé sí i. Àga ẹ̀yìn, ti pálọ̀ wa ni. Jíà rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. (Ìyàwó mi mọ̀.) Ó kù díẹ̀ kó parí, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kù díẹ̀.

Oníbàárà kan wá láti Òmù-Àrán, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e lọ sí Èsìẹ́."

"Mẹkáníìkì wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945 ni mò ń wí. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa gbéra."

Mo ṣì ń gba owó. Mo lè gba ewúrẹ́ náà.