Sí Bàbá Onílé Mi ní Davenport: Ẹ Kàn Sọ pé Rárá

Bàbá Onílé mi ọ̀wọ́n,

Mo rántí pé ẹ ní kí n má pè yín ní sà mọ́, pé kí n máa pe orúkọ yín gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹni tí orí rẹ̀ funfun tó báyìí, ẹnu mi ò lè gbé orúkọ rẹ̀ lásán. Bàbá Onílé lẹ ó máa jẹ́ títí àgírímẹ́ǹtì yóò fi parí. Gbangba ni mo sì kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí gbogbo èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, èsì kan náà ni mo ń rí: àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé àwọn tó ń bá wa kà á: ìlú Davenport wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, létí odò Mississippi, níbi tí odò náà ti yà bàrà, tó ń ṣàn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn bí ẹni tó gbàgbé pé gúúsù ló ń lọ. Orí òkè tí àwọn ará Jámánì kọ́lé sí ní ayé àtijọ́ ni mò ń gbé. Ilé onígi ńlá ni, ìdílé kan ló kọ́ ọ fún ara wọn. Bàbá Onílé mi ló wá gé e sí mẹ́rin, tó fi ògiri pálí pààlà. Bí aládùúgbò mi bá sín, èmi ni mo máa ń kí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́dọ̀ yìn yín díẹ̀. Ní Èkó, wọn ì bá ti béèrè ọkọ mi kí wọ́n tó béèrè orúkọ mi. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá ilé rí ní Surulere mọ bí òfin náà ṣe máa ń sùn tó. Ẹ̀yin ò béèrè ọkọ, ẹ ò béèrè ẹ̀yà, oṣooṣù lẹ sì ń gba owó yín. Ẹ ṣeun. Máàkì gbèsè, credit score tí wọ́n ń pè é, lẹ kàn ní kí n mú wá.

Ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ nìyí o: ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò jẹ gbèsè rí kò ní máàkì, ẹni tí kò sì ní máàkì, wọn ò lè fọkàn tán an. Ìyá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún gbèsè. Bí ó bá dé Davenport lónìí, abẹ́ afárá ló máa sùn. Nítorí pé n kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ẹ gba owó oṣù méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ ní nítorí ìbàjẹ́ ni. Oṣù méjì yẹn ni òpin ohun tí òfin Iowa gbà kí onílé gbà sílẹ̀, nítorí náà ẹ ò rú òfin. Ẹ kàn fi orí kan àjà rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tún wá mú owó ìfọlé jáde, ẹ ní ìyẹn ò sí lára oṣù méjì. Èmi ò bá yín jà. Ìlú wa àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, Quad Cities ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn ni pé mẹ́rin ni wá. Bẹ́ẹ̀ Davenport wà níbẹ̀, Bettendorf, Rock Island, Moline, East Moline náà wà níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí ẹ ti kọ́ ìṣirò.

Ó wá kan fèrèsé yàrá mi. Bàbá, fèrèsé yẹn ti dàgbà jù yín lọ. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọwọ́ sí etí rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi láàárín ìka. Mo kọ̀wé sí yín. Àtàǹpàkò. Mo tún kọ. Ẹ wá fúnra yín, inú mi dùn, mo ti ń retí gíláàsì tuntun. Láílọ́ọ̀nù lẹ mú dání! Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi fèrèsé yíká, ẹ wá bọ àpò, ẹ fa ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun yọ, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mushin, ẹ tàn án, ẹ ń fẹ́ ooru sí láílọ́ọ̀nù náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi nà gbọnrangandan bí awọ ìlù. Ẹ fi ìka ta á, ó dún. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó ti parí. Kí n má parọ́, iṣẹ́ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ti ń jà lóru, láílọ́ọ̀nù yẹn á wú, á rọ̀, á tún wú, bí ẹni pé ilé ń mí, èmi á sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀.

Nígbà tí mo ní òtútù ṣì ń mú mi, ìtàn lẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ṣé mo mọ ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2019? Ẹ ní ọjọ́ náà, ní Moline tó wà lódìkejì odò, òtútù já dé 33 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, òtútù ọdún 2019 kọ́ ló ń wọlé sí mi lára, ti ọdún yìí ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe ṣe nípa omi tó ń yọ nínú yàrá abẹ́ ilé, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Mo ní omi dé kókósẹ̀ mi. Ẹ ní èyí kì í ṣe omi. Ẹ ní ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2019 yẹn náà, ògiri oníyanrìn tí ìjọba ìlú tò sétí odò já, omi ya wọ àárín ìlú, ó bo mọ́tò, pápá béísíbọ́ọ̀lù sì di erékùṣù. Lọ́jọ́ kejì oṣù karùn-ún, odò ga dé ẹsẹ̀ bàtà 22.7. Ó ju ti ọdún 1993 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ú lọ tó ínṣì kan. Ojú yín ń dán bí ẹ ti ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé ẹ̀yin lẹ dá omi náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ parí, mo ti gbàgbé pé ìfọṣọ ni mo bá wá. Mo wá gbà pé ọgbọ́n onílé ni: ayálégbé ráhùn, ẹ sọ ohun tó burú jù ú lọ, ayálégbé dúpẹ́.

Ti ariwo, ẹ ní àdúgbò tó pa rọ́rọ́ ni. Ọkọ̀ rélùwéè ń gba etí odò kọjá, ó ń fun fèrè bí ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì tún ti pọ̀ sí i látìgbà tí ilé iṣẹ́ rélùwéè méjì di ọ̀kan lọ́dún 2023. Ìjọba ìlú gba mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn nítorí rẹ̀. Èmi tó ń gbọ́ fèrè náà, ẹ ní ó máa mọ́ mi lára. Ti àwọn kòkòrò odò tó ń ya jáde nígbà ooru, tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí rédà ojú ọjọ́ máa ń rí wọn bí òjò, mo fi jì yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wọn.

Ilé ìdáná ni n kò ní fi jì yín. Ẹ gbé fáànù sókè sítóòfù, ó rẹwà, ó ń dán. Ó ń fa èéfín láti ìsàlẹ̀, ó sì ń tú u jáde láti òkè, sí mi lójú tààrà, nítorí kò sí páìpù kankan tó gbé e lọ síta. Ẹ ò tíì rí Yorùbá tó ń dín ata. Kí epo tó gbóná tán, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná ti ń pariwo, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé ti ń sáré, tí èmi ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ àjà. Ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n máa fi iná tó rẹlẹ̀ dáná. Ata wo ló dín rí lórí iná tó rẹlẹ̀?

Ohun kan wà tí n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ògiri abẹ́ ilé ti sán, láti ìsàlẹ̀ fèrèsé kékeré tó wà níbẹ̀ lọ dé ilẹ̀. Ẹ ní ilé tó ti pẹ́ kò lè ṣe kó má sán. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ilé ayálégbé alájà mẹ́fà kan ní àárín ìlú wa yìí wó ní apá kan, èèyàn mẹ́ta sì kú. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ráhùn tipẹ́. Ẹ mọ ìtàn náà jù mí lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya fọ́tò ògiri wa, tí mo sì fi owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán kí ẹ lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Bàbá, inú yín dára, n kò ní torí fèrèsé purọ́ mọ́ yín. Ẹ gbọ́n yìnyín kúrò lórí mọ́tò mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pẹ́ débi iṣẹ́, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oore ẹnu yín ló ń dá mi lágara. Onílé tí mo fi sílẹ̀ ní Èkó máa ń bú mi láti ojú fèrèsé rẹ̀, tó bá sì kọ̀, mo mọ̀ pé ó kọ̀; mo máa ń lọ ra tìmí. Ẹ̀yin ò kọ̀ rí. "A máa wò ó" lẹ máa ń sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Òfin Iowa ní kí onílé jẹ́ kí ilé ṣeé gbé, ó sì ní kí ẹ sọ fún mi ní wákàtí 24 ṣáájú kí ẹ tó wọlé. Wákàtí yẹn, mo fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ máa wọlé nígbà tó bá wù yín.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín níṣojú gbogbo ayé. Gíláàsì fèrèsé, páìpù fáànù, ògiri abẹ́ ilé: lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá kí oṣù tó parí. Ẹnu ni kí ẹ fi dá mi lóhùn. Mo ti ní àtàǹpàkò tó.

Èmi ni,
Ayálégbé yín, àjà kejì, ọwọ́ òsì.