Àròjinlẹ̀ Lórí Òfin Kẹ̀kẹ́ Arọ Oníbátìrì ní Ọjà Akẹ̀sán

Ẹ̀tọ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ oníbátìrì ní lójú pópó ni à ń jíròrò níhìn-ín, Ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ sì ni a fi ṣe ibi ìwádìí. Ọjà ọba ni, ìtòsí ààfin Aláàfin ló wà, láti Ọ̀yọ́-Ilé sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé Ẹni-Ọjà, obìnrin ààfin tó ń ṣàkóso ọjà ọba, òun náà ni olórí àwọn olùsìn Èṣù, òrìṣà oríta. Ọwọ́ kan náà, nígbà náà, ló mú àkóso ọjà àti ọ̀rọ̀ oríta.

Ká wá pín àwọn tó ń rìn ní Akẹ̀sán sí ìsọ̀rí. Ọ̀kadà ń kọjá, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá, ọmọlanke ń kọjá, alábàárù ru ẹrù ó ń ké “Ẹ yàgò o!” Gbogbo wọn ni ọjà mọ ipò wọn. Kẹ̀kẹ́ arọ oníbátìrì nìkan ni kò ní ìsọ̀rí. Ṣé ọkọ̀ ni, torí pé ó ní ẹ̀rọ? Àbí ẹlẹ́sẹ̀ ni, torí pé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni? Ẹlẹ́sẹ̀ ni mo gbà pé ó jẹ́. A kì í ní kí ènìyàn lọ gba lísẹ́ńsì fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọdún 1970 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti gbà bẹ́ẹ̀: kẹ̀kẹ́ tó bá bá ìlànà mu kì í ṣe ọkọ̀. Ìlànà ọdún 1988 wá pín in sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ rárá. Èkejì kò gbọdọ̀ ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta lè sá máìlì 8 lójú títì, bó bá ní iná, họ́ọ̀nù àti dígí ìwẹ̀yìn, tí ẹni tó ń lò ó sì ti pé ọdún 14.

Nílé ńkọ́? Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi ìsọdá títì gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ. Ọdún 5 ló fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn láti tún ara wọn ṣe; oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ló pé. Ìtànràn ẹni tó bá ṣe ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ₦100,000, ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ₦1,000,000. Àmọ́ òfin náà kò sọ eré tí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lè sá, tàbí iná tí yóò tàn. Níbi tí agbọ̀n tòmátì bá sì ti gba ẹ̀gbẹ́ títì, àárín ọ̀kadà ni akàndá ẹ̀dá yóò bọ́ sí. Èyí dùn mí gidigidi.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò lè sọ pé òun ò mọ òfin ojú pópó í dá sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká ti darí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Májàmájà láti ọdún 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988. Nígbà tí iná jó Akẹ̀sán ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí náà ló tún un kọ́. Kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn kọ ìwọ̀n eré, iná àti họ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀, kí wọ́n má sì béèrè lísẹ́ńsì. Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ jù nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì kò ju sẹ̀ǹtímítà 85 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ yín.