Ta Ló Pè Wá Síbí? Èsì Sáwọn Tó Ń Ti Ilé Ọtí Tuntun Bọ̀

Láti ìgbà tí ilé ọtí tuntun kan ti ṣí l'Ágọ́sásà ni àpò lẹ́tà mi ti wú bí ikùn alága ẹgbẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ àti ilẹ̀ ẹbí lẹ máa ń kọ sí mi. Ní báyìí, bíà ni, pẹ́pẹ́ súùpù ni, àti ọ̀rẹ́ tó sá lọ. Ẹ kú fàájì o. Ẹni tí mo bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kó má bínú. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú tí ẹ̀fẹ̀ bá jáde, a kì í bi í pé ta ló ní kó kọrin nípa wa. Láti 2001 ni UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ìṣúra gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ mi sùn, ọ̀dọ̀ wọn ni kó kọ́kọ́ lọ.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ lọ síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé. A mu, a jẹ àsun. Bí màdáámù ṣe ń ka ìgò bọ̀ báyìí, fóònù ọ̀rẹ́ wa kan dún, ó ní "mò ń bọ̀", kò sì bọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí. Kí ni ká ṣe fún un? — Ẹni Tó Sanwó*

Àbúrò mi, fóònù yẹn ò dún rárá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ṣé ẹ ti wo ìdí tábìlì yín dáadáa? Màdáámù kì í kó òfìfo ìgò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín ló ń tò wọ́n sí, torí ìwé ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ yín sì mọ ìwé náà kà jù yín lọ. Bó bá ti rí i pé ìgò ti pé mẹ́jọ, tó sì ku egungun àti àlùbọ́sà nìkan nínú abọ́ àsun, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ kiri.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kó ṣáájú yín wọlé, kẹ́ ẹ fi í sí kọ̀rọ̀ ibi ògiri, kí ẹ̀yin mẹ́ta fi àga rọ́bà dí i mọ́bẹ̀. Bí fóònù bá dún, ẹ ní kó gbé e sí sípíkà kí gbogbo yín lè kí onítọ̀hún. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ ti yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún màdáámù pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti kọrin ọjọ́ ìbí fún un, tí tábìlì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní alága, ẹ máa wò ó bó ṣe máa fa àyà yọ. Ẹni tí wọ́n bá pè ní alága níwájú èrò kì í gba ẹ̀yìnkùlé sá. Bó bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti bánkì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí alẹ́ẹ̀tì á fi wọlé sórí fóònù màdáámù. Àwòrán rìsíìtì kì í ra ewúrẹ́ lọ́jà.

Ìwọ náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kẹta! Ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé "ẹ jẹ́ ká lọ gbé nǹkan tútù sọ́nà ọ̀fun"? Níbi tá a wà yìí, ẹni tó bá pe èèyàn ló ń sanwó. Mo fura sí ẹnu rẹ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sáré gba orí àwọn lẹ́tà kan kọjá. Ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́fà nípa ariwo jẹnẹrétọ̀, ojú ewé kan péré ni mo kà, mo sì ti gbọ́ ariwo náà. Ẹni tó ń bi mí bóyá Òdékú ni kóun mu tàbí Trophy, mu èyí tí àpò rẹ bá ká. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá bíà bá oògùn ibà lọ, nọ́ọ̀sì ni kó lọ bi. Ẹni tó ń bínú pé ọtí ò tutù tó ti gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo bẹtiróòlù wá sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Kò sí epo fún jẹnẹrétọ̀ níhìn-ín létí ààlà; bí oòrùn bá ṣe sè é la ṣe ń mu ún nígbà náà. Ẹni tó sì ń bẹ̀ mí fún nọ́ńbà ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí: rárá o.

*Bàbá, ọ̀rẹ́ mi ò fẹ́ ká mu nílé. Ó ní bíà Benin ló dùn, àfi ká gun ọ̀kadà lọ sí Igolo lódìkejì ààlà. Bá a bá ti débẹ̀, Faransé ló máa ń fọ̀ sí wa. — Ọlọ́kadà Ọ̀ranyàn*

Ọmọ mi, bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan fún mi. Oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba ti ààlà pa, oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ní kí ẹnubodè Ìdírókò ṣí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, níbo ló ti ń mu? Bó bá ní Igolo, ní kó ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà, kó sì sọ ọ́ sókè. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ràn ìtàn.

Èmi ò ní bú òdìkejì o. Ọ̀kan náà ni àwọn Ànàgó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jókòó ní 1889, tí wọ́n fa ìlà gba àárín àwa àti àna wa. Wọ́n sì gbọ́n nídìí ọtí lọ́hùn-ún. Ọmọ Dahomey kan tó ń jẹ́ Sodabi ló lọ bá wọn ja Ogun Àgbáyé Kìíní, tó rí bí àwọn Faransé ṣe ń sè wáìnì di ọtí líle. Ó padà délé, ó dán an wò pẹ̀lú ẹmu ọ̀pẹ. Èèyàn mìíràn á mú àmì-ẹ̀yẹ bọ̀ láti ojú ogun! Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ọtí ọ̀hún dòní.

Ṣùgbọ́n sẹ́fà kan ti ju náírà méjì lọ. Ẹni tó bá kó náírà lọ mu ọtí ní ilẹ̀ sẹ́fà, ìgò kan ló máa mu, á wá fọ Faransé ìgò mẹ́ta. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, gbàgbé owó rẹ sílé. Jẹ́ kó fi Faransé sanwó.

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín jù. Èmi ni mo ni ilé ọtí tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ògógóró wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ìdajì iye tá à ń rà á ló pè é. Kò sọ ẹni tó sè é. Ó ṣáná sí díẹ̀ níwájú mi, ó sì jó dáadáa. Ṣé kí n rà á? — Onílé Ọtí*

Màdáámù, ẹ má rà á.

Àwàdà ni mo kọ́kọ́ kọ sí yín, mo fà á ya. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Ondo, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, nígbà tó yá wọn ò ríran mọ́, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ni àwọn èèyàn náà ti mu. Èèyàn tó kú lé ní 15. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún pa èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ẹ̀yin náà ti rí i pé òfin ò dá kẹ́ẹ̀gì dúró.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ gaara, ahọ́n ò lè yà á sọ́tọ̀ nínú ọtí, ó sì ń jó bí ọtí ṣe ń jó. Iná tí ọkùnrin yẹn ṣá ò fi ohunkóhun hàn yín. Inú ara ló ti ń di májèlé, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, débi pé ẹni tó mu ún lálẹ́ á jí láàárọ̀, á rò pé ọtí àná ni ò tíì dá lójú òun. Bí oníbàárà yín kan bá ní inú ń run òun, pé òun ń ríran bàìbàì, ẹ má ní kó lọ sùn, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé ọtí ló mu, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó kù nínú ìgò dání. Oògùn rẹ̀ wà bí wọ́n bá tètè débẹ̀. Ẹ tún wá àwọn yòókù tó mu nínú rẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní kò sóhun tó ń ṣe àwọn.

Ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé rẹ̀, tẹ́ ẹ mọ ìkòkò tó fi ń sè é, ni kẹ́ ẹ ti máa rà. Á wọ́n ju ti ọkùnrin yẹn lọ. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ̀wé sí mi yìí á bínú pé ẹ ti gbówó lé e. Kí wọ́n fi ojú tó ń ríran bínú sí yín.

Ó dáa. Lẹ́tà kan ló kù.

*Ẹ̀gbọ́n, gbogbo alẹ́ Jímọ̀ ni ọkọ mi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò. Akọ̀wé wọn ni. Bó bá dé, òórùn pẹ́pẹ́ súùpù ló máa ń gba iyàrá kan. Ṣé wọ́n ń dáná níbi ìpàdé ni? — Ìyàwó Akọ̀wé*

Ìyàwó wa, wọ́n ń dáná, iná náà sì dára. Irọ́ kọ́ ni ọkọ yín ń pa. Ìpàdé wà, nílé ọtí tuntun yẹn: mo mọ alága, mo mọ akápò, mo sì mọ àga tí èmi fúnra mi máa ń jókòó lé.

Ẹ má bá a jà. Bó bá di Jímọ̀, ẹ dira dáadáa, kẹ́ ẹ pe ìyàwó alága àti ìyàwó akápò, kẹ́ ẹ lọ jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tiwọn. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọlúàbí, torí ẹ ò bá ìjà wá. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi odidi ẹja àrọ̀ se pẹ́pẹ́ súùpù fún yín, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ síwájú yín. Bí màdáámù bá wá gba owó, ẹ ní ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń san án, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kó sì kà á sétí ìgbọ́ ilé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa kín in lẹ́yìn, mo máa wà níbẹ̀.